Eyín Òkè Tí Ó Tẹ Eyínhàn Dó

Ẹ̀yin ọmọ Eyínhàn, ẹ gbọ́ ibi tí ẹ ti ṣẹ̀ wá.

Ọdẹ́níran, apẹfọ̀n-má-halẹ̀, ọmọ ọba ni, ní ìlú kan tí a kì í dárúkọ mọ́. Ìbídùn aya rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, ó fi Àṣàbí ọmọbìnrin wọn sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hu eyín, òkè ni eyín ti kọ́kọ́ yọ. Èèwọ̀ ni nílùú wọn. Àwọn àgbà ní kí ó lọ gbé e jù sígbó. Ọdẹ́níran ní Ìbídùn kò fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún òun.

Ó lọ sí etí odò ìlú, ó kúnlẹ̀. Ohùn kan ti inú omi wá:

“Gbé e, kí o máa lọ. Ibi tí wọn kò bá ti bò ó lẹ́nu ni ilé yín.”

Ó gbé e. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bò ó lẹ́nu. Bí ó bá ti rí ènìyàn lókèèrè, a fa ìborùn bo ọmọ náà, a ní òtútù ń mú un. Kò sí abúlé tí ó pẹ́ sí.

Ó dé abẹ́ àpáta yìí, ó bá àwọn aláhéré tí wọ́n ń pa ẹkùrọ́. Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Àwẹ̀ró, tí ó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin wọn, a máa sọ pé ogun ló lé òun. Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ baba wọn ti ṣá. Ọdẹ́níran tọrọ omi. Bí ó ti ń mu ún, Àṣàbí fa ìborùn kúrò, ó rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ọwọ́ gbogbo wọn dúró. Ọdẹ́níran gbé ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ.

Àwẹ̀ró ní, “Bàbá ọmọ, ẹ jókòó. Ẹ ò tíì mu omi yín tán.”

Ó pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó la ẹnu rẹ̀. Eyín méjì lẹ̀ mọ́ra bí ìbejì.

“Kì í ṣe ogun ló lé mi.”

Aládùúgbò rẹ̀ wò ó títí. “Àwẹ̀ró, ìwọ tí a jọ ń jẹun!” Ni ó bá pe ọmọ tirẹ̀. Eyín kan hù sẹ́yìn àwọn yòókù. Ti ẹlòmíràn, àlàfo ni, eyín kò hù níbẹ̀ rí. Ẹlòmíràn bí tirẹ̀ pẹ̀lú eyín lẹ́nu. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé tí kò ní tirẹ̀. Olúkúlùkù rò pé òun nìkan ni.

Ọdẹ́níran sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Eyínhàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kì wá pé:

Ọmọ ayanu fáyé wò,
Eyín ò jọ eyín, ẹ̀rín jọ ẹ̀rín.

Títí di òní, bí ọmọ bá hu eyín àkọ́kọ́, baba rẹ̀ a gbé e wá sí abẹ́ àpáta, a la ẹnu rẹ̀. A kì í béèrè òkè tàbí ìsàlẹ̀. Àgbà tí eyín tirẹ̀ bá yàtọ̀ ni yóò jáde, tí yóò la ẹnu tirẹ̀ fún ọmọ náà wò.

A kò tíì wá ẹni bẹ́ẹ̀ tì rí.