Bí “Ibà Lọ, Ara Ńkọ́?” Ṣe Di Òwe

Àwọn àgbà a máa bi ènìyàn pé, “Ibà lọ, ara ńkọ́?” Ẹ̀yin tí ẹ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ṣé ẹ mọ orírun rẹ̀? Ẹ súnmọ́ mi kẹ́ ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ eku ni o!

Ojúọlápé ló ń se àgbo ibà ládùúgbò wa. Ife ńlá ló fi ń bù ú. Lójú tirẹ̀, àgbo tí kò bá kún ikùn kò tíì jẹ́ àgbo. Fẹ̀hìntọlá ọmọ rẹ̀ kàwé títí ó fi ń dán oògùn wò lára ẹran. Ó mú ewé dóńgóyárò ìyá rẹ̀, ó fa ohun tó ń lé ibà nínú rẹ̀ yọ, ó wá wá eku funfun tí wọ́n ti kó ibà ràn. Ó fún eku àgò kan ní ìwọ̀nba, ó fún ti àgò kejì ní ọ̀pọ̀.

Lọ́jọ́ tí èsì yóò jáde, Akínlàbí, ọmọ Fẹ̀hìntọlá, wà nílé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Èyí ló gbé ìyá àgbà dé ibi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní kó fojú sí awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ eku àgò kìíní wò: kòkòrò ibà ò sí mọ́. Ó yẹ ti àgò kejì wò: ó mọ́ fóó. Orin bọ́ lẹ́nu rẹ̀:

Ibà gbẹ́rù, ó dilé o,
Ewé kíkorò ló lé e jáde!

“Fẹ̀hìntọlá, bu oògùn àgò kejì fún mi kíá, kí n gbé e lọ fún ọkọ mi kékeré.”

“Màmá, ẹ ní sùúrù.”

“Sùúrù kẹ̀! Ọmọ rẹ ń jóná, ìwọ ń ṣìkẹ́ eku. Ṣé ibà ò lọ ni?”

“Ibà lọ, Màmá. Ara ńkọ́?”

Ó fà á lọ síwájú àgò méjèèjì. Àwọn eku àgò kìíní ń gun ara wọn nídìí oúnjẹ. Ti àgò kejì ká jọ sí igun kan, irun wọn dìde ṣáṣá, wọn ò fẹnu kan nǹkan. Ọ̀kan ti kú. Fẹ̀hìntọlá la ikùn rẹ̀, ó fi ẹ̀dọ̀ rẹ̀ han ìyá: ó ti ṣì bí aṣọ tí oòrùn pa.

“Yéè! Èyí ni ǹ bá gbé fún ọmọ?”

“Òun náà ni. Ti àgò kìíní pàápàá, a ò tíì mọ ohun tó máa ṣe lára ènìyàn.”

Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé Akínlàbí lọ, oògùn tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n fún un, ó sì gbádùn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wá yangàn lọ́dọ̀ Ojúọlápé pé òun da àgbo sẹ́nu, ibà sá lọ, á wò ó látòkèdélẹ̀, á ní, “Ibà lọ. Ara ńkọ́?” Bí gbogbo àdúgbò ṣe gbà á lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Bí ẹnì kan bá ń yọ̀ pé ọwọ́ òun tẹ ohun tí òun ń wá, tí kò wo ohun tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà, òwe yìí ni àgbà ń pa fún un. Ọkùnrin kan jó wọ àdúgbò wa pé òun jàre ẹ̀gbọ́n òun ní kóòtù, ilẹ̀ bàbá àwọn ti di tòun nìkan. Àgbà kan kí i kú oríire, ó wá rọra bi í pé, “Ibà lọ, ara ńkọ́?” Ijó bá tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀.