Bí Àwo Orin Ṣe Yan Abẹ́rẹ́

Nígbà láéláé, nígbà tí ohun èlò inú ilé ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí ọyẹ́ sì máa ń pẹ́ lóde débi pé ọ̀sán a dà bí àlá, àwo orin kò tíì ní abẹ́rẹ́. Ó dúdú, ó rí roboto, ó sì máa ń yí fúnra rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń jó lójú oorun. Ṣùgbọ́n kò lè kọrin. Orin wà nínú rẹ̀, kò kàn sí ẹni tí yóò bá a gbé e jáde ni.

Ọ̀kan nínú irú àwo bẹ́ẹ̀ wà nílé Ìyá Àgbà kan lẹ́bàá odò. Àwẹ̀ró, ọmọ Ìyá Àgbà, ló kọ orin sí i. Nígbà tí àìsàn dá Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀, tó sì mọ̀ pé òun kò ní í pẹ́ lọ, ó gbé Àwo lé itan, ó kọ orin tó fi máa ń rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún sí i lára. Bí ohùn rẹ̀ ti ń jáde ló ń fa ìlà sára Àwo, ìlà kan ṣoṣo tó tín-ín-rín bí irun orí, tó bẹ̀rẹ̀ láti etí, tó ń yí lọ títí tó fi dé àárín.

"Bá mi tọ́jú rẹ̀ fún Ìbídùn," ni Àwẹ̀ró wí.

"Mo gbọ́," ni Àwo dáhùn.

Àwẹ̀ró kú. Ikú ò mà dáa o. Ìbídùn ọmọ rẹ̀, tí eyín rẹ̀ kò tíì ká, kò sunkún, kò sì sùn. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò ṣáá. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí ewé inú ọyẹ́.

"Màmá Àgbà," ni ọmọ náà wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "ṣé Màámi ò ní í pè mí mọ́ ni?"

Ìyá Àgbà fi ìborùn nu ojú ara rẹ̀.

Àwo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dùn ún wọra. Ó pe Apá Tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ igi kan tó máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó sì mọ gbogbo ará ilé.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣe alárinà fún mi. Wá ẹni tí yóò rin ọ̀nà tó wà lára mi. Bó bá rìn ín ire, ohùn Àwẹ̀ró á jáde, ọmọ yìí á sì sùn. Bó bá ba ọ̀nà náà jẹ́, a ò ní í rí ohùn mìíràn mọ́."

Ìyẹ́ lékeléke ló kọ́kọ́ dé. Ó funfun, ó sì mọ̀ pé òun lẹ́wà. "Èmi fúyẹ́," ló wí, "mi ò lè pa ẹnikẹ́ni lára."

Òótọ́ ló sọ. Apá gbé e sórí Àwo, kò pa á lára, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ kan ọ̀nà rárá. Ó fò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ti dé kó tó gbéra. Atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀, Ìyẹ́ sì gba ojú fèrèsé lọ.

"Ó dàbọ̀ o," ni Apá wí.

Ìṣó ló tẹ̀ lé e. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, wọ́n sì tọ́ ọ dáadáa. Nílé tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í dúró ṣánṣán kí ẹni tó jù ú lọ. Ó wo Àwo, ó rò ó pé ẹni tó gbé ohùn ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́, ìkúnlẹ̀ lásán kò tó láti fi kí i. Kí Apá tó wí pé "rọra," Ìṣó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lé Àwo lórí pẹ̀lú gbogbo irin ara rẹ̀. Gbàgà!

Àwo ké tòò. Ojú ọgbẹ́ kan ti la ìlà náà kọjá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Ìṣó wí. "Wọ́n ní bí a bá ń kí àgbà, kí àyà kan ilẹ̀ ni."

"Ilẹ̀ ni wọ́n ní kó kàn!" ni Apá pariwo mọ́ ọn. "Ta ló ní kó o dọ̀bálẹ̀ lé ẹni tí ò ń kí lórí?"

Ìṣó sunkún lọ sílé. Kò ní ìkà nínú, ó kàn wúwo ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

"Mi ò fẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́," ni Àwo wí.

Ohùn kékeré kan dáhùn láti inú aṣọ tí Ìyá Àgbà ń rán. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà dán an wò." Abẹ́rẹ́ ni. Òkúta wínníwínní kan ń dán lórí rẹ̀.

"Ìwọ tó kéré báyìí?" ni Apá bi í.

"Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Apá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Àwo ṣì ń bẹ̀rù. "Báwo ni ìwọ ṣe ń kíni?"

"Èmi kì í dùbúlẹ̀ lé aṣọ, n kì í sì í fò ó. Orí ni mo máa ń tẹ̀ ba, màá sì máa tẹ̀ lé ìlà. Kí Apá bá mi gbé ìdí mi dání, kí gbogbo ara mi má baà bọ́ lé yín."

Apá gbé e sọ̀kalẹ̀. Abẹ́rẹ́ tẹríba. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ewé kiri àgbàlá. Lẹ́yìn náà, Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Àwọn ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ síbi tí wọ́n dúró sí. Odò rọlẹ̀. Ìbídùn yí ojú kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Orin ń lọ wẹ́rẹ́ títí ó fi dé ibi tí Àwẹ̀ró ti pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbẹ́ Ìṣó wà. Abẹ́rẹ́ yọ̀ sínú rẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn.

"Ìbídùn o... Ìbídùn o... Ìbídùn o..."

Ojú ti Àwo. "Ó ti bàjẹ́! Apá, gbé e kúrò!"

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìbídùn, ìyá rẹ ń pè ọ́, o sì jókòó? Ìgbà wo nìyá ń pe ọmọ nílé yìí tí kò ní í dáhùn?"

Ọmọ náà dìde. Ó kúnlẹ̀ ti Àwo, ó gbé ọwọ́ lé etí Àwo.

"Ẹ̀ẹ̀n, mà," ló wí. "Màámi, mo wà níbí."

Ọwọ́ rẹ̀ mi Àwo díẹ̀. Abẹ́rẹ́ ré ọgbẹ́ náà kọjá, orin sì ń bá a lọ. Kó tó parí, Ìbídùn ti sùn fọnfọn lórí ẹní, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹni tó bá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ sórí àwo orin fi ń yan èyí tí kò fúyẹ́ jù, tí kò sì wúwo jù, tí abẹ́rẹ́ náà sì ń tẹríba kó tó gbẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ náà sì ni àwo tó bá lọ́gbẹ́ fi ń pe ohun kan náà léraléra, tí kì í dákẹ́, àfi bí ẹnì kan bá dìde lọ dá a lóhùn.