Agbábọ́ọ̀lù Ẹ̀yìn Tó Ń Nawọ́ Sókè

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Hólándì tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ bọ́ọ̀lù gbígbá. Má bi mí níbi tí mo ti mọ̀ ọ́n, Àwẹ̀ró. Àkàwé ni. Jókòó kí o gbọ́ ọ tán, lẹ́yìn náà kí o máa bá mi jà.

Ẹ̀yìn ni ọkùnrin yìí ń gbá. Ẹni tó bá gbá góòlù wọlé ni wọ́n ń gbé sórí èjìká, ẹni tí kò jẹ́ kí góòlù wọlé, wọ́n á ní iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ìlú ni yóò bú bàbá tó bí i. Ìwọ náà mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ ni ọ́.

Ìlú kékeré ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, omi sì ga ju ilẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé òkè erùpẹ̀ ni wọ́n mọ yí ìlú ká kí omi má baà wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ó ti wà nínú ẹgbẹ́ náà láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Ó mọ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó mọ ìyá tó ń fọ aṣọ wọn, ó mọ àwọn arúgbó tí kì í dìde lórí àga wọn bí òjò tilẹ̀ ń pa wọ́n. Ó ga, ó lè sáré, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Àléébù kan ṣoṣo ló ní. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa dá a láre.

Òfin kan wà nínú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní ọ́fúsáìdì. Bí ó ṣe yé mi ni n óò ṣe sọ ọ́. Alátakò kò gbọ́dọ̀ kọjá sí ẹ̀yìn rẹ, nítòsí ojúlé rẹ, kí ó wá dúró síbẹ̀ máa retí bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń retí oúnjẹ. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan wà létí pápá tó mú àsíá lọ́wọ́. Yóò gbé àsíá sókè, rẹfirí yóò fọn fèrè, góòlù kò sì ní sí. Àṣà àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn ni pé bí wọ́n bá ti rí ẹ̀ṣẹ̀ yìí, wọ́n á na ọwọ́ sókè kí alásíá lè rí i. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá na ọwọ́ sókè kì í lè sáré dáadáa, ọkùnrin tí mò ń wí yìí kì í tilẹ̀ sáré rárá. Bí ó bá ti nawọ́, á dúró, á kọjú sí alásíá, á máa retí ìdájọ́.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Sáré ná, kí o tó fẹjọ́ sùn."

Ọkùnrin yìí dáhùn pé, "Ọ̀gá, mo mọ òfin."

Òótọ́ ni, ó mọ òfin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni àsíá ń lọ sókè. Ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́.

Ọdún kan wá dé tí nǹkan kò ṣẹnuure fún ẹgbẹ́ náà. Ó ku eré kan ṣoṣo kí ọdún bọ́ọ̀lù parí. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọ́n á dúró láàrin àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Bí wọ́n bá pàdánù, wọ́n á já sí ìsọ̀rí kejì. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kò tíì gbá góòlù. Àwọn alátakò bá gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan wá. Ọkùnrin yìí wò, ó rí i pé ẹni tí wọ́n gbá a sí ti kọjá òun tipẹ́. Ó na ọwọ́ sókè, ó dúró, ó kọjú sí alásíá. Àsíá kò mira. Kí ó tó yíjú padà, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n.

Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Góòlù kò kúrò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ já sí ìsọ̀rí kejì, owó ẹgbẹ́ kò tó mọ́, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró. Ìyá tó ń fọ aṣọ wà lára wọn, lẹ́yìn ọdún méjìlélógún. Ọkùnrin yìí pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ìyá náà kò bú u. Ó ní, "Ó dàbọ̀, ọmọ mi," ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ì bá sàn kí ó bú u.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ mìíràn gbà á, òmíràn tún gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń ti ìlú bọ́ sí ìlú. Ibikíbi tó bá dé, ìtàn góòlù yẹn ni yóò máa sọ. Bí àlejò bá jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, yóò gbé ìgò iyọ̀ síbí pé, "Èmi rèé," yóò gbé ìgò ata sọ́hùn-ún pé, "Òun rèé, ẹ wo ibi tó wà!" Ìyàwó rẹ̀ wá ń kó ìgò méjèèjì pamọ́ bí àlejò bá ti kan ilẹ̀kùn. Ó ṣe mí láàánú. Ọkùnrin náà kò jẹ ọbẹ̀ gbígbóná mọ́, nítorí títí tí yóò fi rojọ́ tán, ọbẹ̀ á ti tutù.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún márùn-dín-lógójì, ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní kí ó padà wá bá àwọn parí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti gòkè padà nígbà náà. Ṣùgbọ́n wàhálà tún ti dé. Ó tún ku eré kan ṣoṣo, wọn kò sì gbọ́dọ̀ pàdánù rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun kò tíì kọ́gbọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó wá alásíá ọjọ́ góòlù yẹn lọ. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní abúlé kan. Ó bá a tó ń lẹ táyà.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ dá mi mọ̀?"

"Mo dá ọ mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ."

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé ọ́fúsáìdì ni àbí kì í ṣe ọ́fúsáìdì?"

Bàbá náà gbé táyà kalẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọ́fúsáìdì ni. Òjò bò mí lójú, mi ò rí i. Ìgbà tí mo délé tí mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ni mo tó mọ̀. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Jọ̀ọ́, foríjì mí."

Ó ti jàre! Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, wọ́n dá a láre. Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó ń retí kí ayọ̀ dé. Ayọ̀ kò dé. Góòlù yẹn ṣì wọlé. Ẹgbẹ́ ṣì já. Ìyá tó ń fọ aṣọ ṣì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Bàbá náà wá wò ó lójú. Ó ní, "Èmi náà ní ìbéèrè kan. Tèmi ni pé mi ò rí i. Ìwọ rí i. Kí ló dé tí o dúró?"

Ọkùnrin yìí dìde, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Mo lè dá àkàwé mi dúró síbí, Àwẹ̀ró, ohun tí mo fẹ́ sọ ti tán. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, o kò ní lọ láìgbọ́ bí eré náà ṣe parí.

Ọjọ́ eré pé. Góòlù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbá sí ara wọn. Nígbà tí àkókò ń lọ sópin, bọ́ọ̀lù gígùn kan tún wá, ọ̀dọ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ehoro sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin yìí ti gbéra, ó ti dé àyà. Ó fà á sílẹ̀, ó yí padà, ó sáré. Kò wo àsíá. Ẹsẹ̀ ẹni ọdún márùn-dín-lógójì ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ àná, ṣùgbọ́n ó sáré. Ọ̀dọ́ náà gbá bọ́ọ̀lù kọjá gólì tó ń ṣọ́ ilé, bọ́ọ̀lù ń yí lọ sínú ilé. Ọkùnrin yìí fi gbogbo ara sọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù náà, ó ta bá òpó, ó sì jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ inú àwọ̀n lọ bí ẹja.

Rẹfirí fọn fèrè ìparí. Ẹgbẹ́ kò já. Ara tu gbogbo ìlú. Àwọn arúgbó tí kì í dìde, wọ́n dìde. Ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ sínú àwọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ohun tó ti wúwo lọ́kàn rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá fò lọ pátá. Oníròyìn kan bi í bóyá ọ̀dọ́ yẹn wà ní ọ́fúsáìdì.

Ó ní, "Mi ò mọ̀. Mi ò wo ibẹ̀."

Ó wá kàn ọ́. Mo ti ka ìwé ẹ̀sùn tí o kọ. Wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Ìwọ ni ipò ọ̀gá ilé-ìwé yẹn tọ́ sí, ẹni tí o kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n fún. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì, n kì í fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. O jàre. Gbà á lẹ́nu mi lónìí, kí o má baà lo ọdún mọ́kànlá láti wá a kiri.

Ṣùgbọ́n o ti dúró, Àwẹ̀ró. Láti ìgbà náà, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ni ò ń lọ, fáìlì lábẹ́ apá. Mo gba ojú fèrèsé kíláàsì rẹ kọjá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọ méjìlélógójì ló wà níbẹ̀ láìsí olùkọ́. Wọ́n ya ológbò tó wọ awò ojú sójú pátákó. Kí n má purọ́, ó jọ ọ́. Ó dára, rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀ báyìí.

Mi ò ní kí o fa ìwé rẹ ya. Fi ránṣẹ́. Bóyá alásíá á rí i, bóyá òjò á bò ó lójú, ìyẹn kò sí ní ìkáwọ́ rẹ. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìdánwò àwọn ọmọ yẹn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí wọ́n bá kùnà, kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́ sínú ìwé èsì wọn pé olùkọ́ wọn jàre.

Dìde, ọmọ mi. Agogo mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, ilé-ìwé kò tíì jáde.