Apàlọ́ Tó Ti Jẹ Ẹ̀rín Tán

"Apàlọ́ tó ti jẹ ẹ̀rín tán, kí ni yóò bù fún olùgbọ́?" Bí ẹ bá dé ìlú wa, Ìsàlẹ̀-Ọ̀sẹ́, ẹ ó gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé. Àmọ́ ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá? Àwọn kan ní láti ayé ọjọ́un ni, nígbà tí ẹranko ń fọhùn bí èèyàn. Irọ́ ni. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ pa á fún, eyín mi sì ṣì pé lẹ́nu.

Ìgè ni orúkọ mi. Ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yọ nígbà tí wọ́n ń bí mi, àwọn tó mọ̀ mí sì ní n kò tíì fi ìwà náà sílẹ̀.

Mo wà nílé-ẹ̀kọ́ girama nígbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè wa dá ìdíje àlọ́ pípa sílẹ̀. Òfin rẹ̀ kò le. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sórí pèpéle láìmú ìwé dání, yóò pa àlọ́ tí òun fúnra rẹ̀ hun, yóò dá orin, àwọn èèyàn yóò gbè é. Bí agogo bá ti dún, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa dé. Ẹni tó bá gbégbá orókè ni yóò lọ ṣojú gbogbo wa ní Ìbàdàn.

Kì í ṣe Ìbàdàn gan-an ló ká mi lára. Bàámi ni. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ṣọ̀wọ́n lẹ́nu wọn bí òjò inú ọyẹ́. Mo ti pinnu pé lọ́jọ́ ìdíje yìí, n óò mú bàámi rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ayé.

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá tó yá ṣòkòtò Erin wọ̀ lọ sílé àna rẹ̀. Nígbà tí mo pa á nínú kíláàsì, tí mò ń ṣe bí Ìjàpá ti ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, tó ń fi ọwọ́ kejì juwọ́ sí àna rẹ̀, kíláàsì dàrú. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Tíṣà Yorùbá wa, Ìyáàfin Adéróyè, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ìgè, àlọ́ rẹ dùn," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ojú tìrẹ kọ́ ló yẹ kó máa rẹ́rìn-ín. Ojú àwọn tó ń gbọ́ ọ ni."

"Mo gbọ́, mà."

Etí ọ̀tún ló gbà wọlé, tòsì ló gbà jáde. Mo lọ ń dánra wò lẹ́yìn ilé wa níwájú àwọn ewúrẹ́ ìyá mi. Ewúrẹ́ kì í rẹ́rìn-ín, nítorí náà èmi ni mò ń bá wọn rín tiwọn.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Bàámi wọ bàtà tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó sí ìlà iwájú. Ọmọbìnrin kan láti òdìkejì odò, Mọpélọ́lá, ló ṣáájú mi. Àlọ́ ẹyẹ kan tó gbàgbé orin ara rẹ̀ ló pa. Ó rọra ń pa á lọ, kò sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ sọ nǹkan kan títí gbogbo gbọ̀ngàn fi bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kékeré lèyí, kí wọ́n ṣì dúró dè mí.

Mo bọ́ síwájú. "Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Orin mi wọ̀ wọ́n lára. Mo ní, "Ṣòkòtò Erin, má já bọ́ nídìí mi o," wọ́n ní, "Má já bọ́!" Àtẹ́wọ́ ń ró. Mo yọjú wo bàámi, mo rí i pé ètè wọn ti fẹ́ máa yà díẹ̀. Ìjàpá dé ẹnu ọ̀nà àna rẹ̀. Mo ní, "Bó ṣe ní kóun dọ̀bálẹ̀ báyìí..."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tó ń bọ̀. Ẹ̀rín gbé mi. Mo fọwọ́ bo ẹnu, ó gba imú jáde. Mo tún un bẹ̀rẹ̀: "Bó ṣe ní kóun dọ̀..." Ẹ̀rín tún dé. Mo di ikùn mú, mo sì jókòó pẹ̀tẹ́ sórí pèpéle. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ní sùúrù. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Àgbà nínú àwọn adájọ́ na ọrùn síwájú.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ṣé Ìjàpá wá dọ̀bálẹ̀, àbí kò dọ̀bálẹ̀?"

Kí n tó ráyè dáhùn, agogo dún. Mọpélọ́lá ló lọ sí Ìbàdàn.

Èmi àti bàámi jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ẹkún ti gba ipò ẹ̀rín lójú mi. Lójú ọ̀nà, bàámi bi mí léèrè:

"Ìgè, báwo lọ̀rọ̀ Ìjàpá yẹn tiẹ̀ ṣe parí?"

Mo nu imú, mo sọ ọ́ bí ẹni ń túfọ̀: pé bó ti dọ̀bálẹ̀, ṣòkòtò Erin bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, àna rẹ̀ sì jáde, ó ní, "Ta ló sá aṣọ sẹ́nu ọ̀nà wa?"

Ojú bàámi kò yí padà. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ó ti tutù. O ti dá a jẹ tán kó o tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Apàlọ́ tó ti jẹ ẹ̀rín tán, kí ni yóò bù fún olùgbọ́?"

Wọ́n wò mí. Bóyá bí mo ṣe jókòó di ikùn mú lórí pèpéle ni wọ́n rántí, n kò mọ̀. Mo kàn rí i pé èjìká wọn ń mì, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn, wọ́n sì rín in títí wọ́n fi fara ti igi ọsàn kan lẹ́bàá ọ̀nà. Kì í ṣe Ìjàpá ni wọ́n ń rín, èmi ni. Mo dúró tì wọ́n, mo pa ẹnu mọ́, mo jẹ́ kí wọ́n rín tiwọn tẹ́rùn.

Bàámi sọ ọ́ nípàdé àwọn àgbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ gbé e relé, ó sì di òwe. Àwọn àgbà wa máa ń pa á fún ẹni tó ń fi iṣẹ́ tí kò tíì parí yangàn, àti fún ẹni tó ní òun fẹ́ fi nǹkan dá àwọn ẹlòmíràn lára yá, tó wá kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀ tán fúnra rẹ̀. Bí ọmọdé bá pa á níwájú mi, á yára fi kún un pé, "Tótó, ó ṣe bí òwe o." Mo máa ń dá a lóhùn pé kò ṣe bí òwe rárá, ó ṣe bí èmi.