Ọmọ tí Efúnyẹmí Kò Fẹ́ Gbé

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Efúnyẹmí, tó ń hun ẹní ní Òkè-Ìsàn, bí. Orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọbìnrin náà, Ọmọ́ladùn, kú sí. Ọmọkùnrin tó bí yè, wọ́n sì gbé e wá sílé ìyá àgbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Efúnyẹmí yíjú kúrò.

“Ẹ má gbé e sún mọ́ mi. Òun ló gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi kò ní kàn án láéláé.”

Fáyọ́kẹ́, ìyàwó ọmọkùnrin Efúnyẹmí, tí òun náà ń tọ́mọ lọ́wọ́, ló ń fún ọmọ náà lọ́mú. Bó bá ti yó, wọn a tẹ́ ẹ sí yàrá. Ilé ọ̀fọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó ń kọrin. Nígbà tó yá, ọmọ náà kò sunkún mọ́. Ara rẹ̀ sanra, ṣùgbọ́n àjà ló ń wò ṣáá. Bí ènìyàn bá wọlé, kì í yíjú.

Ẹ̀rù ba Fáyọ́kẹ́. Ó pọ̀n ọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀: ó ń kì í ní Àkànmú, ó ń sọ ohun tó ń sè fún un.

“Kí lò ń bá a sọ?” Efúnyẹmí bi í tìbínú-tìbínú. “Ọmọ jòjòló gbọ́ ọ̀rọ̀ ni?”

Fáyọ́kẹ́ kúnlẹ̀. “Ó ń gbọ́, Ìyá. Ẹ foríjì mí. Ìsinsìnyí ni ọpọlọ rẹ̀ ń là. Ohùn wa àti ojú wa ló fi ń mọ̀ pé òun wà láàárín ènìyàn. Bí a bá dákẹ́ títí ọ̀fọ̀ yóò fi tán, ọpọlọ rẹ̀ kò ní dúró dè wá.”

Efúnyẹmí padà sídìí ẹní tó ń hun, kò sì dá a dúró.

Ó pẹ́ kí ojú ọmọ náà tó máa tẹ̀ lé ohùn. Lẹ́yìn náà, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan tó ti lè jókòó, Fáyọ́kẹ́ gbé e sórí ẹní nítòsí Efúnyẹmí, ó lọ pọnmi. Efúnyẹmí ń hun tirẹ̀, kò wò ó. Ọmọ náà dún sí i, ó dákẹ́ bí ẹni ń retí èsì, ó tún dún. Nígbà tí Efúnyẹmí gbójú sókè, Àkànmú ṣí apá rẹ̀ méjèèjì sí i.

Ìyá àgbà fi ẹní tó ń hun sílẹ̀. Ó gbé e, ó fà á mọ́ àyà, ó sì sun ẹkún tí kò tíì sun láti ọjọ́ ikú.

Bẹ́ẹ̀ ni Fáyọ́kẹ́ bá wọn nígbà tó dé. “Ìyá, ṣé ẹ ti gbé e?”

“Ó ṣípá sí mi,” ni Efúnyẹmí wí. “Ta ni yóò rí i tí kò ní gbé e?”

Láti ilé Efúnyẹmí ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn kálẹ̀, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé.