Òkúta Ràbí àti Ayùn Láṣebìkan

Gbogbo èèyàn ló ń pa á lówe pé òkúta ẹni la fi ń dán ayùn wò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ rò ó á rí i pé ó fẹ́ jọ ọ̀rọ̀ wèrè. Ayùn téèyàn ò tíì rà, tí ò mọ ìwà ẹ̀, kí ló dé tó fi máa ki òkúta tara ẹ̀ sí i lẹ́nu? Ṣé òkúta ọlọ́jà ò sí nílẹ̀ ni? Ẹni tó bá ń bi irú ìbéèrè yìí ò tíì gbọ́ ti Làmídì. Ẹ jókòó dáadáa. Bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kò ju iyọ̀ inú ọbẹ̀ lọ, ọbẹ̀ tí ò sì níyọ̀, ta ló ń jẹ ẹ́?

Oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni Làmídì, ní Ìlọrin. Láti ìgbà tí àwọn òkè ṣì wà lọ́mọ ọwọ́ ni àwọn bàbá ẹ̀ ti ń gé òkúta pupa sí ìlẹ̀kẹ̀. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á fi irin ṣóńṣó ṣá a, wọ́n á lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí á fi máa dán bí ojú ológbò. Nígbà tí ara Làmídì ṣì le, tó bá lu òkúta lẹ́ẹ̀kan nílé ẹ̀, ewúrẹ́ á gbọ̀n l'Ọ́fà.

Àfi bí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó wú bí àkàrà. Tó bá gbé òòlù lẹ́ẹ̀kan, á sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà tó nílò ọwọ́ jù náà sì nìyẹn, torí Ràbí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, ń lọ sílé ọkọ ní oṣù tó ń bọ̀. Nínú agbo ilé wọn, ọmọ oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kì í ra ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà lọ sílé ọkọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́ lórúkọ ni bàbá ẹ̀ ti máa ya òkúta kan sọ́tọ̀ fún un, bàbá náà ló sì gbọ́dọ̀ gé e. Ti Ràbí tóbi tó orí ọmọ tuntun, ó pupa, ó sì le ju ọkàn ọlọ́pàá lọ. Àwọn ará ilé máa ń sọ pé òkúta náà fìwà jọ ẹni tó ni ín, torí Ràbí náà kì í gba ìyànjẹ. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó bá àgbò kan jà. Àgbò yẹn ló bẹ̀ ẹ́.

Bàbá tí ò bá lè gé òkúta ọmọ ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní bú u. Wọ́n á kàn máa wò ó ni. Ìyẹn gan-an ni Làmídì ń sá fún.

Ó wá gbọ́ pé bàbá kan wà n'Íbàdàn tó ń jẹ́ Láṣebìkan, tó ti fi ẹ̀rọ gé òkúta olówó iyebíye títí ó fi sú u, tó fẹ́ ta ayùn ẹ̀ kó lè padà sóko kòkó. Ayùn tó ń finá ṣiṣẹ́ ni, abẹ ẹ̀ rí rìbìtì bí abọ́, omi á sì máa dà sí i lára bó ṣe ń yí. Làmídì dé fìlà. Àwáwù ìyàwó ẹ̀ ní òun náà ń lọ. Ó gbé báàgì kan kọ́ èjìká, ó ní obì tí wọ́n máa fún onílé ló wà nínú ẹ̀. Làmídì ò bi í pé irú obì wo ló ń wọ́ èjìká èèyàn wálẹ̀ báyẹn.

Láṣebìkan gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, eruku òkúta ti sọ irùngbọ̀n ẹ̀ di funfun. Ó fún wọn lómi, ó fún wọn níjòókòó, ó ń pe Làmídì ní Àlàájì. Làmídì ò rí bàálù rí àfi bó bá ń kọjá lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n oyè náà dùn mọ́ ọn, kò dá a padà.

Ó bi í pé ṣé ayùn náà lè gé òkúta tó le.

"Àlàájì," ni Láṣebìkan wí, "ayùn yìí ò mọ̀ pé òkúta le. Èmi náà ò sì tíì sọ fún un."

Ló bá tan án. Ariwo tí nǹkan ọ̀hún pa, àwọn tó kú lésìí yí ẹ̀gbẹ́ padà. Láṣebìkan mú òkúta funfun kan láti inú òkìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó tì í sẹ́nu abẹ, kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti di méjì bí ẹ̀kọ tútù. Ó tún gé òmíràn. Ó ń gé e, ó ń bá Àwáwù sọ̀rọ̀ òjò, kò tiẹ̀ wojú iṣẹ́. Inú Làmídì dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti ń rí Ràbí pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ó ti ń rí àwọn ará ilé tí wọn ò rí nǹkan kan wò. Ọwọ́ ẹ̀ ti wọ àpò.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kejì, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ oníṣẹ́ ni. Ó ti lọ mú ègé òkúta funfun yẹn fúnra ẹ̀ láìgbàṣẹ, ó fi èékánná ha á bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn. Ìyẹ̀fun funfun bọ́ sílẹ̀. Làmídì wo èékánná ẹ̀. Òkúta tí èékánná bá lè ha, òwú ìránṣọ náà á gé e.

Ó rọra béèrè bóyá wọ́n ní èyí tó le díẹ̀. Láṣebìkan rẹ́rìn-ín. Ó ní òkúta ni gbogbo òkúta, kí Àlàájì má ṣe yọ ara ẹ̀ lẹ́nu, kó fi òkúta òun dán an wò títí dìrọ̀lẹ́, òun ò ní gba kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kún fún ọ̀wọ̀ débi pé ojú ti Làmídì. Ó kù díẹ̀ kó sanwó torí ìtìjú.

Ìgbà yẹn ni Àwáwù gbé báàgì sílẹ̀, gbì. Ó tú gèlè àtijọ́ tó wà nínú ẹ̀. Òkúta Ràbí ló jókòó síbẹ̀.

Èèwọ̀ ni nílé Làmídì kí òkúta ìyàwó kúrò nílé kó tó di ìlẹ̀kẹ̀. Torí ẹ̀ náà ni àwọn mẹ́rin tó ti ra ẹ̀rọ nínú agbo ilé wọn ṣe lọ rà á láìmú òkúta tiwọn dání. Ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni adìẹ ń yé sí báyìí.

"Ìyá Ràbí, ta ló ní kó o gbé e jáde?"

"Bàbá Ràbí, tá a bá délé, ṣé funfun yẹn lẹ máa gé ni?"

"Tó bá wá fọ́ ńkọ́? Kò sí ìkejì ẹ̀ láyé."

"Tó bá máa fọ́," ni Àwáwù wí, "kó fọ́ níbi tí ẹni tó ta ayùn wà."

Làmídì wo ọrùn ọwọ́ ẹ̀, ó wo òkúta. Láṣebìkan ń sọ pé kò yẹ kí wọ́n fi irú nǹkan báyìí ṣeré, ó ń sọ ọ́ jù. Àsọjù yìí ló mú kí Làmídì dìde. Ó gbé òkúta ọmọ ẹ̀, ó ṣe bísímílà, ó ti etí ẹ̀ kan sẹ́nu abẹ.

Ayùn ké. Kì í ṣe igbe iṣẹ́, igbe ìyà ni. Èéfín jáde látinú omi. Abẹ yẹn ń yí lórí òkúta bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn tí ò rí i. Làmídì fà á yọ, ó fi apá aṣọ nù ún, ó ń wá ibi tó sán. Kò sán. Ilà tín-ín-rín kan ló wà lára ẹ̀, bí ilà ojú ọmọ tuntun.

Láṣebìkan pa iná. Ó wá fọwọ́ ra irùngbọ̀n ẹ̀, ó ní èèyàn mẹ́fà ló ti wá wo ayùn yìí, gbogbo wọn ló yìn ín, kò sẹ́ni tó gbé òkúta wá. Ẹnu abẹ náà ti kú tipẹ́. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun fẹ́ tà á lọ́tọ̀ ni tí ayùn bá ti lọ.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ló wí. Kò pè é ní Àlàájì mọ́.

"Ẹ gbé e wá," ni Làmídì wí.

Wọ́n gbé e wá nínú bébà tí epo ti rin, wọ́n dè é. Nígbà tí Làmídì tún ti òkúta sí i, ayùn náà kàn ń kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń jẹun. Ègé kan já bọ́ sínú omi. Àwáwù mú un, ó gbé e sójú oòrùn: inú ẹ̀ pupa bí epo tuntun, ilà funfun kan sì gba àárín ẹ̀ kọjá. Láṣebìkan fúnra ẹ̀ ní ó pẹ́ tóun ti rí irú ẹ̀. Owó kan ṣoṣo ló gbà lórí ayùn àti abẹ, ó tún bá wọn gbé e dé gáréèjì.

Làmídì gé òkúta Ràbí tán kí ìgbéyàwó tó ku ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tí ilà abẹ òkú wà, kò lọ̀ ọ́ kúrò. Ìlẹ̀kẹ̀ tó tóbi jù, tó wà láàárín àyà, ló fi í sí. Gbogbo ẹni tó bá bi í pé kí ni ilà yìí, ó ń sọ ìtàn Ìbàdàn fún un, títí gbogbo agbègbè fi mọ̀ ọ́n. Láṣebìkan wà níbi ìgbéyàwó náà. Abọ́ mẹ́tàdínlógún ló jẹ, ó ní kòkó ò tíì so ni.

Lọ́jọ́ yẹn náà, àwọn ẹbí ọkọ dìde, wọ́n ń yin ọmọ wọn. Wọ́n ní kò sírú sùúrù ẹ̀, pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ìyá ẹ̀ ò rí ìbínú ẹ̀ rí. Làmídì gbọ́ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó wo Ràbí tó jókòó ganran pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ pupa lọ́rùn, ó wo ọkọ ìyàwó.

"A dúpẹ́ o, ẹ̀yin àna wa," ló wí. "Lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ nìyẹn. Òkúta ẹni la fi ń dán ayùn wò. Ẹ máa mú tiwa lọ."

Ọkọ ìyàwó ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àwáwù ní ẹ̀rín yẹn dára, ó jọ pé abẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọkọ yìí.