Ẹsẹ̀ Mẹ́tàdínlógún Lórí Àpáta

"Kò sí ojóóró tí ènìyàn lè ṣe lórí ẹ̀rọ tí ojú tèmi kò ní tó. Ẹ ṣáà fi wọ́n sílẹ̀ fún mi."

Gbọ́lágadé ló sọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú Òkè-Arómọ, níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò àti fóònù ṣe. Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn tó gbọ́ ọ létí, nítorí ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Fóònù tó bá bọ́ sómi, tí ẹni tó ni ín ti dárò rẹ̀ tán, bí Gbọ́lágadé bá tú u palẹ̀, tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn inú rẹ̀, yóò tún máa dún. Ẹni tó ń jí òkú fóònù, ta ni yóò bá a jiyàn lórí èyí tó wà láàyè?

Eré kan ló fa ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe kan ló ṣe é, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Àká, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń ta á bí ẹni ta ayò. Àwọn tó bá fẹ́ ta á a máa pín sọ́nà méjì. Apá kan á di olè, wọn á wọ inú àká lọ jí iṣu kó. Apá kejì á di ẹ̀ṣọ́, wọn á máa tọ ipasẹ̀ olè kiri. Bí olè bá gba orí iyẹ̀pẹ̀, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ á hàn. Bó bá gba inú koríko, koríko á tẹ̀. Bó bá gba inú odò, omi á rú. Orí àpáta nìkan ni nǹkan kan kì í hàn, ìyẹn ni olè tó bá gbọ́n fi máa ń forí lé ọ̀nà àpáta.

Àpáta yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí nínú gúrúùpù àwọn tó ń ta eré náà. Wọ́n tó ogójì ní Òkè-Arómọ. Àwọn kan ní kò bójú mu kí àpáta máa bo olè láṣìírí. Àwọn mìíràn ní ẹ̀ṣọ́ tí kò bá lè mú olè kó lọ sùn. Ọ̀rọ̀ náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn méjì kò kí ara wọn mọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Tíṣà Ọláníregùn ló parí rẹ̀. Òun ni alábòójútó gúrúùpù, ó sì ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì kó tó fẹ̀yìn tì. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò inú àgbàlá rẹ̀, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí àpáta inú eré náà, ìyàwó rẹ̀ sì ń fi fóònù tirẹ̀ ṣọ́ ọ bóyá ẹsẹ̀ kan yóò hàn. Nígbà tó ṣe tán, ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀: "Igba ìgbà, òdo."

"Àpáta kì í gba ẹsẹ̀, ọgbọọgba ló sì rí fún gbogbo wa," ló kọ sí gúrúùpù. "Ẹ jẹ́ ká máa ṣeré wa."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ àpáta mọ́. Gbọ́lágadé kò sí nínú gúrúùpù nígbà náà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ló tó wọlé.

Bó sì ti wọlé ló bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣọ́, díẹ̀ ni olè tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Múkáílà káfíńtà wà lára àwọn díẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kan, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Gbọ́lágadé ti fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí gúrúùpù.

"Ẹ̀yin ará ilé, mi ò fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Àmọ́ Múkáílà ń lo ayédèrú Àká. Àwọn kan wà tí wọ́n ti tú eré yìí, tí wọ́n tún un tò. Ẹni tó bá gbé èyí sórí fóònù rẹ̀, yóò máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́."

Kò sẹ́ni tó bi í pé níbo ló ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bá wọn gbé òfin kan kalẹ̀: ẹni tí wọ́n bá mú, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi pa eré náà rẹ́ lórí fóònù rẹ̀ lójú gbogbo wọn, kò sì ní ta á mọ́ láéláé. Múkáílà fi ayùn rẹ̀ búra, ó fi òòlù búra, ó sì pa á rẹ́ níkẹyìn. Kó tó pé oṣù kan, àwọn méjì mìíràn ti bá a lọ. Ẹ̀sùn kan náà ni, ẹ̀rí kan náà ni: wọ́n borí Gbọ́lágadé.

Ìfura wá gba gbogbo ìlú. Ẹni tó bá borí, wọn á ní ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó bá pàdánù, wọn á ní ó mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù kí wọ́n má bàa wò ó dáadáa. Nínú ilé Tíṣà gan-an, ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da ojú fóònù rẹ̀ délẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ bá ń kọjá.

"Kí lo fi ń bò ó?" ni Tíṣà wí.

"Kí lẹ fi ń wò ó?" ni ìyàwó dáhùn.

Báyìí ló rí títí ọ̀rọ̀ fi kan Ráfátù.

Aránṣọ ni Ráfátù, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Gbọ́lágadé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti rọ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ọ̀pá ló fi ń rìn, ọwọ́ ló sì fi ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Nínú Àká, kò sẹ́ni tó lè sáré bíi tirẹ̀. Ìyàwó Tíṣà bi í nígbà kan pé kí ló rí nínú eré yìí tí kì í fi í sílẹ̀. Ó já òwú tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń sáré."

Ní Sátidé tó ń bọ̀, àwọn mẹ́rin yóò lọ bá àwọn ará Ìlóró fi Àká figagbága. Orúkọ Ráfátù ló ṣáájú nínú ìwé. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìdíje náà, òun ni olè, Gbọ́lágadé sì ni ẹ̀ṣọ́. Ó kó iṣu mẹ́ta lójú rẹ̀, ó sì lọ. Gbọ́lágadé lé e dé etí odò, kò rí i mọ́. Ohun tó bí i nínú gan-an kì í ṣe iṣu. Òun tó ń rí ohun gbogbo, báwo lẹnìkan ṣe lè bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́? Tọkàntọkàn ló fi gbà pé ohun tó wà lórí fóònù Ráfátù ju èyí tó wà lórí fóònù tòun lọ. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ohùn rẹ̀ ti wà ní gúrúùpù. "Ráfátù ni o. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká fojú rinjú."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n pé jọ sábẹ́ máńgòrò Tíṣà. Wọ́n tó ogún. Múkáílà náà wà níbẹ̀, nítorí òun ló ni bẹ́ǹṣì. Ó tò wọ́n tán, ó jókòó sí ti ẹ̀yìn pátápátá.

"Gbọ́lágadé, ìwọ lo pè wá," ni Tíṣà wí. "Rọra rò ó, kó yé wa."

Gbọ́lágadé dìde, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ sísàlẹ̀. "Ẹ ṣé, sà. Lọ́jọ́ Àìkú, arábìnrin yìí wọ àká, ó kó iṣu mẹ́ta. Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò yẹ kó jáde, ó jáde. Mo gbá tọ̀ ọ́. Ó gba orí iyẹ̀pẹ̀, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gun àpáta, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bọ́ sódò, ó pòórá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa ń pòórá mọ́ mi lójú? Àfi ẹni tó ń rí mi bí mo ṣe ń bọ̀."

"Ìyẹn náà ṣeé gbọ́," lẹnìkan wí. Obìnrin tó jókòó ti Ráfátù sún ìdí díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ráfátù rí i, ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀ sí àyè tó ṣófo náà.

"Ráfátù, kí lo rí sí i?" ni Tíṣà bi í.

"Ìbéèrè ni mo ní, sà." Ó yíjú sí Gbọ́lágadé. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti fẹ́ẹ̀ bá mi lórí àpáta yẹn ni?"

"N ò bá ọ. O ti jìnnà. N ò tilẹ̀ rí ẹ̀yìn rẹ."

"Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo gbà?"

"Ẹsẹ̀ rẹ ni mo tọ̀."

"Ẹsẹ̀ mi," ni Ráfátù wí. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. "Bóyá ti ẹlòmíràn lẹ rí."

Èyí bí Gbọ́lágadé nínú. Ẹnìkan kì í kọ́ ọ níṣẹ́ rẹ̀. "Ti ẹlòmíràn kẹ̀? Ìwọ nìkan lo gba ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó pupa yòò bí epo, ó tò lọ bẹẹrẹ. Mo kà á. Mẹ́tàdínlógún ni, láti etí àpáta títí dé ibi tó ti dà sódò."

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ewúrẹ́ Tíṣà nìkan ló ń jẹ èèpo iṣu lọ lẹ́bàá ògiri.

"Mẹ́tàdínlógún," ni Múkáílà wí láti ẹ̀yìn.

Gbọ́lágadé rò pé iye rẹ̀ ló yà wọ́n lẹ́nu. Ó ní, "Kódà, ti òsì ló ṣáájú."

Tíṣà dìde, ó wọlé, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀ kó kà á sókè. Ìyá náà wá ojú ewé rẹ̀ kàn. "Igba ìgbà, òdo," ló kà.

"Òdo kí ni, sà?" ni Gbọ́lágadé béèrè.

"Ẹsẹ̀ lórí àpáta."

Gbọ́lágadé ronú díẹ̀. "Bóyá fóònù tèmi ló mọ́lẹ̀ ju tiyín lọ, sà."

"Ó ṣeé ṣe," ni Tíṣà wí. "Gbé e wá. A kì í jiyàn lórí nǹkan báyìí. A máa ń gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni."

Wọ́n gbé fóònù Tíṣà àti ti Gbọ́lágadé kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ráfátù mú tirẹ̀, ó wọ inú eré, ó gun àpáta, ó sì rìn kọjá. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Lórí fóònù Tíṣà, àpáta mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Lórí ti Gbọ́lágadé, ẹsẹ̀ pupa ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ẹnìkan tẹ epo kó tó gun ibẹ̀.

Láti ọjọ́ tí Gbọ́lágadé ti ń ta Àká, ayédèrú nìkan ló ti ń ta. Kò tíì fojú kan ojúlówó rẹ̀ rí. Ó mọ̀ pé èyí tó wà lọ́wọ́ òun máa ń fi ọ̀nà jíjìn han òun ju ti ẹlòmíràn lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ orí àpáta, ó rò pé gbogbo ayé ló ń rí i. Ó wo fóònù kìíní, ó wo èkejì.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí fún yín nìyẹn?" ló béèrè jẹ́ẹ́jẹ́.

Múkáílà gbójú sókè kúrò lórí fóònù méjèèjì.

"Òfin kan wà o," ló wí. "N ò rántí ẹni tó kọ ọ́."

Gbọ́lágadé gbé fóònù rẹ̀. Fóònù bi í bóyá ó fẹ́ pa eré náà rẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Fóònù tún bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ó bá Múkáílà kó bẹ́ǹṣì padà sílé.

Wọ́n ní kí àwọn mẹ́ta tí wọ́n ti lé padà wọlé. Ti Gbọ́lágadé, òfin ní láéláé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ sí Ìlóró ní Sátidé, Tíṣà ní kó bá àwọn lọ. Ó jókòó sórí àpótí kan lẹ́yìn àwọn mẹ́rin tó ń ta eré, kò sí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn ń wò. Eré ti wọra díẹ̀ nígbà tó rọra sọ sí Tíṣà létí pé, "Ẹ wo ẹ̀ṣọ́ wọn tó wọ ẹ̀wù búlúù yẹn, sà. Tó bá dé orí àpáta, kì í dúró kó ronú." Wọ́n gba fóònù ọkùnrin náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹsẹ̀ orí àpáta pupa yòò níbẹ̀. Àwọn ará Ìlóró bẹ̀bẹ̀, wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, eré sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀, Ráfátù fẹ́ tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Ó na fóònù rẹ̀ sẹ́yìn láìbojúwẹ̀yìn.

"Ẹ bá mi mú un, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ nǹkan kan."

Gbọ́lágadé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì mú un bí ẹni gbé ẹyin, títí Ráfátù fi gbà á padà.

Àwọn kan ń jiyàn pé òwe tó ti inú ọ̀rọ̀ yìí jáde ti pẹ́ ju fóònù lọ. Wọn kò sí lábẹ́ máńgòrò lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà Òkè-Arómọ tó wà níbẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti bá a, tí wọ́n fi ń wí pé: olè ló mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta.